Fridtjof Nansen, Baba Àwọn Ogunléńdé

Nínú ìwé ìròyìn àjọ̀dún bí irú èyí, ó jẹ́ àṣà wa láti kọ ìtàn àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọ̀gá àgbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lélẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó jókòó sábẹ́ òjìji igi kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹni tí ó gbìn ín. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí, mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí wa pé kí ẹ fi etí sí ìtàn ọkùnrin kan tí kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, tí kì í sì í ṣe míṣọ́nnárì. Fridtjof Nansen ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè ni. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ìbéèrè tí ó fi ọdún mẹ́wàá ìkẹyìn ayé rẹ̀ dáhùn ni ó wà níwájú àwa náà lónìí: nígbà tí a bá ti bọ́ ẹni tí ogun lé kúrò nílé yó tán, kí ni ó kù tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè?

A bí Nansen ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1861, nítòsí Christiania, ìlú tí a ń pè ní Oslo lónìí. Agbẹjọ́rò ni baba rẹ̀. Ilẹ̀ òtútù ni Nọ́wè, láti kékeré ni ọmọ náà sì ti mọ bí a ṣe ń so pákó gígùn pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Nígbà tí ó dé yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹranko ni ó yàn. Ní ọdún 1882 ó bá ọkọ̀ àwọn ọdẹ òkun rin ìrìn-àjò lọ sí òkun àríwá tí yìnyín bò, ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Bergen, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1888.

Ní ọdún 1888 náà ni ó dáwọ́ lé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pè ní ìwà wèrè, èyíinì ni láti fi ẹsẹ̀ la Greenland já, erékùṣù ńlá tí yìnyín bò. Àwọn kan tí ó ti gbìyànjú ṣáájú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti etíkun ìwọ̀-oòrùn tí ènìyàn ń gbé, kí wọ́n baà lè sá padà bí ọ̀nà bá le. Nansen yí ètò náà padà. Etíkun ìlà-oòrùn, níbi tí kò sí ìlú tí ó lè gbà wọ́n, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún ti gbéra, tí ó fi jẹ́ pé kò sí ọ̀nà mìíràn fún wọn ju iwájú lọ. Wọ́n la ilẹ̀ náà já. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé wọn padà sílé ti lọ, wọ́n sì lo gbogbo ìgbà òtútù láàrin àwọn ará Inuit, ọmọ onílẹ̀. Nansen kọ́ bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ awọ, bí wọ́n ṣe ń dẹ ẹran òkun, àti bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ tí òtútù kò lè wọ̀. Nínú ìwé tí ó kọ nípa wọn, ó kédàárò pé àwọn àjèjì ń sọ àwọn ènìyàn tí ó mọ bí a ṣe ń bọ́ ara wọn di ẹni tí ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Kí ẹ jọ̀wọ́ rántí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí yóò tún jáde nínú iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Ní ọdún 1893 ó tún gbéra, nínú ọkọ̀ tí a ń pè ní Fram. Ó ní kí a kan ọkọ̀ náà kí ìdí rẹ̀ rí roboto, kí yìnyín tí ó bá fún un lè gbé e sókè dípò kí ó fọ́ ọ. Ó jẹ́ kí yìnyín mú un, ó sì ń bá a ṣàn lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1895, òun àti Hjalmar Johansen fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n forí lé ìpẹ̀kun àríwá ayé pẹ̀lú àwọn ajá tí ń fa ẹrù. Wọn kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dé ibi tí a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni dé rí ṣáájú wọn. Nígbà tí òtútù ká wọn mọ́ erékùṣù kan, wọ́n fi òkúta mọ ògiri, wọ́n fi awọ ẹran òkun bò ó, wọ́n sì gbé inú ahéré yẹn fún oṣù bí mẹ́jọ, ẹran tí wọ́n bá pa ni oúnjẹ wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1896 ni wọ́n ṣalábàápàdé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ẹni tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti padà sílé. Ọkọ̀ Fram náà padà, ẹyọ ẹ̀mí kan kò sì ṣòfò nínú àwọn mẹ́tàlá tí ó lọ.

Láti ìgbà náà ni gbogbo Yúróòpù ti mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Nọ́wè gba òmìnira kúrò lábẹ́ Súwídìn ní ọdún 1905, ó wà lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀, òun ni ó sì kọ́kọ́ ṣojú ilẹ̀ náà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1906 sí 1908. Láàrin àkókò yẹn ni Eva, aya rẹ̀, kú, ní oṣù Kejìlá ọdún 1907.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí n sọ ohun kan tí àlùfáà mìíràn ìbá fẹ́ fò dá. Nansen kì í ṣe onígbàgbọ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé baba Eva jẹ́ àlùfáà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Nansen ti kọ̀wé fi ìjọ ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà èwe, kò sì padà sínú rẹ̀ títí ó fi kú. N kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti fi kọ́ ẹnikẹ́ni pé ìgbàgbọ́ kò ṣe pàtàkì. Mo mú un wá nítorí òtítọ́ ni, àti nítorí ó rán mi létí òwe Olúwa wa nípa ọmọkùnrin méjì tí baba wọn rán lọ sínú ọgbà àjàrà: èkínní kọ̀, ṣùgbọ́n ó lọ, èkejì gbà, kò sì lọ. Àwa tí a máa ń sọ pé a ó lọ, ó yẹ kí ìtàn ọkùnrin yìí dùn wá díẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní ọdún 1918, ṣùgbọ́n kò parí fún àwọn ọmọ ogun tí a ti mú ní ìgbèkùn. Ní ọdún 1920, àìmọye ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó ṣì há sí Rọ́ṣíà àti Sìbéríà, àwọn ará Rọ́ṣíà náà sì há sí Jámánì. Ebi, òtútù àti àrùn ń pa wọ́n. Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, èyí tí ó ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí a mọ̀ lónìí, bẹ Nansen pé kí ó dá wọn padà sílé. Àwọn alákòóso tuntun ní Rọ́ṣíà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ìmùlẹ̀ náà rárá, ṣùgbọ́n wọ́n gbà láti bá Nansen fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò ní ọmọ ogun, kò sì ní àpótí ìṣúra. Orúkọ rere ni ó ní. Títí di ọdún 1922, ó ti dá àwọn tí ó ju 400,000 lọ padà sí ilé wọn.

Kò tíì sinmi nígbà tí ìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1921. Ogun ti ba oko jẹ́, ìjọba ti fi agbára kó ọkà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ọ̀dá sì wá dé bá àfonífojì odò Volga. Àwọn àgbẹ̀ jẹ irúgbìn tí wọn ìbá gbìn, ẹni tí ó bá sì ti jẹ irúgbìn ti jẹ ọdún tí ń bọ̀. Nansen lọ sí Geneva, ó dúró níwájú àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá Rọ́ṣíà ní owó. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọkà pọ̀ rẹpẹtẹ ní Amẹ́ríkà, pé wọ́n tilẹ̀ ń fi àgbàdo dáná nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ajẹntínà, àti pé owó tí òun ń bèèrè kò tó iye tí a fi ń kan ọkọ̀ ogun ojú omi kan ṣoṣo. Wọ́n kọ̀. Àwọn kan ní ó ń ran àwọn kọ́múníìsì lọ́wọ́.

Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ sí Volga láti fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó ya àwòrán àwọn tí ebi ń pa, ó sì gbé àwọn àwòrán náà káàkiri láti fi bẹ àwọn ará ìlú lásán fún owó. Àjọ Amẹ́ríkà tí Herbert Hoover ń darí ni ó bọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ Nansen náà bọ́ àìmọye ènìyàn. Síbẹ̀, ìrànlọ́wọ́ náà pẹ́ kí ó tó dé, nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún ẹ̀mí ni àwọn òpìtàn sì fojú bù pé ó ṣòfò.

Ohun tí Nansen kọ́ níbẹ̀ ni pé oúnjẹ nìkan kò lè parí ìyàn. Bí kò bá sí irúgbìn, ìyàn ọdún yìí yóò bí ti ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Nígbà tí a fún un ní Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní ọdún 1922, kò fi owó náà ra ohun ọ̀ṣọ́ kankan. Iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni ó ná an lé lórí, apá kan rẹ̀ ni a sì fi dá oko àpẹẹrẹ sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà àti Yukréìn, kí àwọn àgbẹ̀ lè rí bí a ṣe ń fi katakata túlẹ̀.

Ní ọdún 1921 kan náà ni Ìmùlẹ̀ ti fi í jẹ Kọmíṣọ́nà Àgbà fún àwọn ogunléńdé Rọ́ṣíà, àwọn tí ó sá fún ogun abẹ́lé. Wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ, wọ́n sì fọ́n káàkiri láti Constantinople títí dé Ṣáínà. Ìjọba ilẹ̀ wọn ti gba ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀mọ̀wé wà láàrin wọn, dókítà wà, gbẹ́nàgbẹ́nà wà, àgbẹ̀ sì wà. Wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ní agbára lápá. Ṣùgbọ́n nítorí wọn kò ní ìwé tí ó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọn kò lè kọjá ẹnu ibodè lọ sí ìlú tí iṣẹ́ wà. A sọ alágbára di alágbe nítorí àìsí ìwé pélébé kan.

Nansen ṣe ìwé náà. Ní oṣù Keje ọdún 1922, ìpàdé tí ó pè ní Geneva fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí kan fún àwọn tí kò ní ilẹ̀ mọ́, èyí tí gbogbo ayé wá ń pè ní ìwé ìrìnnà Nansen. Orílẹ̀-èdè tí ó ju 50 lọ ni ó gbà á nígbẹ̀yìn, àwọn bí 450,000 sì gba ìwé náà. Stravinsky tí ń ṣe orin àti Chagall tí ń ya àwòrán wà lára wọn. Lẹ́yìn náà, a ní kí ogunléńdé tí ó bá ní agbára máa ra òǹtẹ̀ kékeré kan tí àwòrán Nansen wà lórí rẹ̀, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé rẹ̀, owó òǹtẹ̀ náà sì di àpò tí a fi ń ran àwọn tí ó tòṣì jù wọ́n lọ lọ́wọ́. Nípa báyìí, àwọn ogunléńdé fúnra wọn di olùrànlọ́wọ́. Láti ọdún 1925, ilé-iṣẹ́ àgbáyé tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ bá a wá iṣẹ́ fún wọn, ó sì ń darí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ sí ibi tí a ti ń wá òṣìṣẹ́.

Iṣẹ́ tí ó le jù dé ní ọdún 1922, nígbà tí Tọ́kì ṣẹ́gun Gíríìsì, tí iná sì jó ìlú Smyrna. Láàrin oṣù díẹ̀, ogunléńdé tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ya wọ Gíríìsì, ilẹ̀ tí ènìyàn inú rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Nansen rí i pé àgọ́ àti ọbẹ̀ kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ó dá a lábàá pé kí a yá Gíríìsì ní owó ńlá, kí a fi fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ilẹ̀. Òun àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ dán an wò ní Thrace, níbi tí wọ́n ti tẹ àwọn abúlé tuntun dó. Ní ọdún 1923, Ìmùlẹ̀ dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ilé, ilẹ̀, ẹran ìtúlẹ̀ àti irúgbìn ni a fún àwọn ìdílé, gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí wọn yóò san díẹ̀díẹ̀ láti inú ìkórè wọn. Àwọn tí ó ju ìdajì mílíọ̀nù lọ ni a fi oko gbé kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, abúlé kan wà nítòsí Komotini tí a ń pè ní Thrylorio. Àwọn ogunléńdé ni ó fi sọrí Treloar, ọmọ Ọsirélíà tí ó bójú tó wọn lórúkọ Ìmùlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ẹ̀fun kun ojú ìtàn. Nansen yìí kan náà ni ó dá ìpààrọ̀ àwọn ènìyàn lábàá. Àdéhùn tí àwọn ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ní Lausanne ní oṣù Kìíní ọdún 1923 sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn Kristẹni kúrò ní Tọ́kì, kí àwọn Mùsùlùmí sì kúrò ní Gíríìsì, àyàfi ní àwọn ibi díẹ̀. Mùsùlùmí bí 400,000 ni a lé kúrò ní ilẹ̀ bàbá wọn. Ẹ̀sìn ni wọ́n fi pín wọn, tí ó fi jẹ́ pé a kó Kristẹni tí kò gbọ́ ju èdè Tọ́kì lọ sí Gíríìsì, a sì kó Mùsùlùmí Kírétè tí èdè Gíríìkì jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ lọ sí Tọ́kì. Nansen gbà pé ọ̀nà yìí nìkan ni ó kù láti dá ẹ̀mí sí. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, ẹni tí a kò bi léèrè kí a tó tú u nídìí kò lè pe ìyẹn ní ìrànlọ́wọ́.

Iṣẹ́ kan sì wà tí kò yọrí sí rere. Ní ọdún 1925 ó lọ sí Àméníà láti wo bí a ṣe lè fún àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú ìpakúpa ní ibùgbé. Ó fẹ́ kí a la ipadò, kí a fi omi rin aṣálẹ̀ Sardarabad kí ó lè di oko. Ó rin ìrìn-àjò, ó kọ̀wé, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Àwọn ìjọba tí ó ti ṣèlérí fún àwọn ará Àméníà nígbà ogun kò mú owó wá, èrò náà sì kú sórí ìwé. Ó dùn ún títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1930 ni Nansen kú ní ilé rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn odi Oslo. Ọjọ́ 17, tí í ṣe ọjọ́ ayẹyẹ ńlá ilẹ̀ Nọ́wè, ni a sin ín, láìsí ìsìn ìjọ. Ilé-iṣẹ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ bá iṣẹ́ náà lọ, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní ọdún 1938. Láti ọdún 1954 ni ilé-iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún àwọn ogunléńdé ti ń fi àmì-ẹ̀yẹ Nansen fún àwọn tí ó bá sapá fún aláìnílé. Ní ọdún 2017, ọmọ Nàìjíríà ni ó gbà á: agbẹjọ́rò Zannah Mustapha ti Maiduguri, Mùsùlùmí, ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ gba àwọn ọmọ tí ìjà Boko Haram sọ di aláìníbaba. Ó kó ọmọ àwọn tí a pa àti ọmọ àwọn tí ń pani jókòó sínú kíláàsì kan náà.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ogunléńdé ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ogun ni ó lé àwọn Ẹ̀gbá lọ sí abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830. Ogun ni ó tú Ọ̀yọ́ ilé ká. Púpọ̀ nínú wa tí ń ka ìwé yìí jẹ́ ọmọ-ọmọ ẹni tí ogun lé. Àwọn baba ńlá wa kò ti inú àgọ́ di ìlú ńlá. Ilẹ̀ ni wọ́n rí, wọ́n sì ro ó.

Nínú Ìwé Mímọ́, Ọlọ́run fi mánà bọ́ Ísírẹ́lì ní aginjù fún ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì tí wọ́n jẹ nínú èso ilẹ̀ Kénáánì, mánà náà dá. Kì í ṣe pé Ọlọ́run ṣahun. Ó bọ́ wọn títí tí ọwọ́ wọn fi kan oko, kò sì fi ẹyọ ọjọ́ kan gé e kúrú ṣáájú ìgbà náà. Nansen tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé ètò yìí ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó kọ́kọ́ wá oúnjẹ, nítorí ẹni tí ebi pa kú kò lè gbin nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ó wá ìwé, irúgbìn àti ilẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde wa bá tún ń kó àpò ìrẹsì lọ sí àgọ́ àwọn tí a lé nílé ní àsìkò Kérésìmesì, kí wọ́n kó o lọ, ó dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ kí ogun tó dé, àti irinṣẹ́ tí wọ́n ṣaláìní. Bí ọmọ kan bá sì dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí ó ti sá wá láti ọ̀nà jíjìn, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ti jóná pẹ̀lú ilé baba rẹ̀, kí a má ṣe sọ fún un pé kò lè wọlé nítorí kò ní ìwé. Kí a fún un ní ìdánwò, kí a mọ kíláàsì tí ó yẹ ẹ́, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé orúkọ tí ó wà ní ọ́fíìsì wa. Láti ọjọ́ náà lọ, ibì kan yóò wà ní ayé tí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yìí wà, àti pé ọ̀dọ̀ wa ni ó wà.